Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀kadà ni Wọ́n Gbà Mí Láyè Láti Wá

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ láti London: ọ̀pá gígùn kan, àwo roboto nídìí rẹ̀, tó máa ń ké tí irin bá wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni mí, ìlú Fábùnmi tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, tí ọ̀ràn fi di ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ogun tí kò parí títí di 1893. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ìró ìbọn láàárín òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Ọta òjé kan péré ni mo fẹ́ fojú ara mi rí.

Mo rò pé oko bàbá mi ni, ta ni yóò bi mí? Mo mú sínáàpù kan lọ kí Bàbá Olórí Ẹbí. Wọ́n wo ẹ̀rọ náà títí. “Ilẹ̀ ẹbí ni, ọmọ mi, kì í ṣe ti bàbá rẹ nìkan.” Wọ́n ní kí n lọ bá ìdí-igi (ẹ̀ka ẹbí) méjì yòókù, wọ́n sì fi ọwọ́ han igbó akòko kan tí n kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè: “Ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ńkọ́?”

Mo ti gbàgbé Bàbá Oníṣu pátápátá! Nígbà tí mo lọ bá wọn, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ fọ́ ebè kankan, kí n sì bá wọn wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà wọn tó jábọ́ sínú oko.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ìtàn ló mú mi lọ sí ọ́fíìsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin 77 ti 1979 ni wọ́n ṣí fún mi: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì rí nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 7. Ìwé àṣẹ náà, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fún. Èmi tí mò ń ta sìmẹ́ǹtì! Inú bí mi, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n bí ọta kan ṣe jìn sí nínú ilẹ̀ àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Tí mo bá fi ọkọ́ tú u, ó parí.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́. Yangí pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, irin sì wà nínú yangí, nítorí náà ẹ̀rọ ń hu bí ajá. Mo ní láti máa gbé àwo náà sókè sódò lórí ibi tó mọ́, kí n máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Ìdérí ọtí, agolo mílíìkì, ààbọ̀ àdá, pẹ́nì oníhò kan ti 1920 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́!

Bí a ṣe ń padà, létí ààlà, ẹ̀rọ ké, kò dákẹ́ mọ́ títí mo fi rìn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Òjò ti wọ́ etí ibẹ̀ lọ. Ìdàrọ́ ni, pàǹtí irin tí wọ́n ti yọ́, ó dúdú, ó wúwo, ó lu ihò wẹ́wẹ́ bí àkàrà tó jóná, pẹ̀lú ẹnu ọ̀pá amọ̀ kan tí iná ti mú dán. Bàbá Oníṣu ṣí fìlà. “Iléru rèé. Àwọn tó ń yọ́ irin ti gbé ibí.”

A kò fọwọ́ kàn án. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bó ṣe tóbi tó, mo ya á, mo ri igi mọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo padà sí ọ́fíìsì náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Oníṣu ní kí n san owó ebè méje tí àwọn ò ní lè gbin mọ́ nítorí igi tí mo rì. Mo san án.