Bí A Ṣe Ń Mú Narrator Ka Ojú Kọ̀ǹpútà Sí Wa Létí

Ìpayà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Narrator. Ọmọ kan fọwọ́ gbá kíbọ́ọ̀dù, ohùn òyìnbó kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ láìdákẹ́, ẹnu gbogbo ilé sì kò pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ láptọ́ọ̀pù. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì o. Láti ọdún 2000 ni Narrator ti ń bá Windows rìn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí tí kò ríran rárá. A kì í san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ́kọ́ bá tò ó. Mo ṣí i fún wọn, mo sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, pa á fún mi, ó ti sọ̀rọ̀ jù.” Láti ọjọ́ yẹn, dídín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé ohùn ń jáde lára kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ di bọ́tìnnì Windows (èyí tó ní àwòrán fèrèsé) àti Ctrl mú, kí ẹ wá tẹ Enter. Narrator á fọhùn. Mẹ́ta yìí kan náà ló ń pa á. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà pàápàá, nítorí náà afọ́jú kò ní láti pe ẹnikẹ́ni kó tó wọlé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́ èèyàn ṣáájú ohunkóhun ni bọ́tìnnì Ctrl. Bí ẹ bá tẹ òun nìkan, Narrator á dákẹ́ lórí ohun tó ń kà. Ẹni tí kò bá lè pa á lẹ́nu mọ́ kò ní fẹ́ bá a gbé. Caps Lock ló tẹ̀ lé e: a máa ń dì í mú ká tó tẹ bọ́tìnnì mìíràn láti pàṣẹ fún Narrator. Insert náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá lẹ fẹ́ fi Caps Lock kọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún ohùn rẹ̀ ṣe. Caps Lock pẹ̀lú àmì ìyọkúrò (-) ń mú kó rọra sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ (+), á yára. Caps Lock pẹ̀lú V ni tèmi: òun ló ń pinnu bí àlàyé á ṣe pọ̀ tó. Ìpele márùn-ún ni. Ní ìpele kìíní, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kà. Bí ẹ ṣe ń gòkè ló ń fi kún un pé bọ́tìnnì nìyí, àpótí nìyí, títí dórí irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́. Ìpele kejì ni mo máa ń fi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Àwọn ètò tó kù wà lójú kan. Ẹ tẹ Windows, Ctrl àti N pọ̀. Lórí Windows 11, ẹ lè wa ohùn tó dún bí ohùn èèyàn níbẹ̀. Ó máa jẹ dátà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Níbẹ̀ náà lẹ ti lè ní kó má pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀, kó jẹ́ odindi ọ̀rọ̀ nìkan. Ẹni tó mọ kíbọ́ọ̀dù á fẹ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílò lẹ́tà náà. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ni kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí Narrator máa ṣí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wọlé.

Orí ìkànnì ni iṣẹ́ wà. Bí a bá ní kó kà á láti òkè délẹ̀, ilẹ̀ á ṣú. Caps Lock pẹ̀lú ọ̀pá àlàfo ń ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní scan mode. Nínú rẹ̀, H ń fò láti àkọlé dé àkọlé, K láti líńkì dé líńkì, B ń wá bọ́tìnnì, E ń wá ibi tí a ti lè kọ̀wé. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, àmọ́ tó ń fò kiri dípò kó kọ ọ́, scan mode ṣì wà ní títàn. Ẹ tẹ Caps Lock àti ọ̀pá àlàfo lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹ tó fi ẹni náà sílẹ̀, ẹ gbé màòsì kúrò nílẹ̀, kí ẹ di ojú yín, kí ẹ fúnra yín ṣí ìwé ìròyìn kan pẹ̀lú H. Ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ lòun náà máa kọsẹ̀ sí.

Ní ti Yorùbá, ẹ má retí púpọ̀. Kò sí ohùn Yorùbá láàárín àwọn ohùn Narrator, ti òyìnbó kò sì mọ àmì ohùn wa. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú pópó, èèyàn ni kó fi ọgbọ́n inú yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ra íápíìsì pẹ̀lú, nítorí ohun àṣírí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ síni pàápàá, Narrator á kà á sókè.

Bó bá yá tí Narrator kò tó o mọ́, NVDA wà, ètò mìíràn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síni létí, ọ̀fẹ́ lòun náà. Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ pa Narrator kí ẹ tó ṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì á jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìyàwó ilé méjì tó ń jà.