Bí A Ṣe Ń Dín Agbára Iná Kù Nínú Igbó Páìnì Orí Òkè

Ẹni tó bá ń gbé lágbègbè adágún Tahoe, lórí òkè Sierra Nevada ní California, mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò ìbẹ̀rù. Láyé àtijọ́, iná kékeré máa ń gba abẹ́ igi kọjá léraléra, àwọn ará Washoe tó ni ilẹ̀ náà sì máa ń dáná sí i fúnra wọn. Lọ́dún 1935, àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba pàṣẹ pé iná yòówù tó bá sọ, kí wọ́n pa á kó tó di aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe ń pa á ni ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ ń gorí ara wọn. Nígbà tí iná igbó ńlá tí wọ́n pè ní Caldor dé lọ́dún 2021, ó rí jẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ìlú kékeré Meyers, níbi tí wọ́n ti ṣán igbó tẹ́lẹ̀, ọwọ́ iná wálẹ̀, àwọn panápaná sì ráyè bá a jà.

Igi kéékèèké ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá páìnì ńláńlá sí, torí èèpo wọn nípọn. Ẹ gé àwọn tínínrín tó há sábẹ́ wọn, kí ẹ sì rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 10. Àkàbà tí iná fi ń gun orí igi nìwọ̀nyẹn. Níbi tí òkè bá ti dagun, ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín igi fẹ̀ sí i, nítorí iná máa ń sáré bó bá ń gòkè.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣíwọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà: igi tí ẹ gé sílẹ̀ yóò gbẹ, iná tó bá bá a níbẹ̀ lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kó o jọ ní òkìtì-òkìtì, kó jìnnà sí ìdí igi tí ẹ dá sí. Kí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ wà láàárín, kí ẹ fi pépà tí wọ́n fi ìda pa bò ó kí yìnyín má baà rin ín. Ó máa gba bí ọdún kan kó tó gbẹ dáadáa. Ìgbà òtútù, tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀ yí i ká, ni kí ẹ sun ún.

Sísun abẹ́ igbó ló kàn. Ẹ má dá a ṣe o: ó gba ìwé àṣẹ, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò le. Kí wọ́n tó tanná, ẹ fi ràkè wa ewé tó ti ṣù jọ nídìí àwọn igi àgbà kúrò, torí iná tó bá ń jó lábẹ́lẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lè pa gbòǹgbò wọn. Òkè ni wọ́n ti ń tanná, kó máa fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá kú tán, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú. Níbi tó bá ti ń gbóná, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Lókè téńté, níbi tí igi ti kúrú tó sì fọ́n ká, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; iná ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nísàlẹ̀, igi wẹ́wẹ́ yóò tún hù. Kí ọdún 10 tó pé, ẹ padà wá gé wọn nígbà tí àdá ṣì ká wọn.