Ẹ má wo fíìmù ẹ̀rù Kòríà báyìí o: àwọn àṣìṣe tó ń ba adùn ẹ̀ jẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń wo dírámà Kòríà tipẹ́, torí náà tí wọ́n bá ti dárúkọ fíìmù ẹ̀rù láti ibẹ̀, Train to Busan ló máa ń wá sọ́kàn wa, òkú tó ń sáré, ẹ̀jẹ̀, ariwo. Ìyẹn dáa láyè ẹ̀. Àmọ́ oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù inú ẹ̀ kì í fò mọ́ èèyàn, ńṣe ló máa ń rọra wọlé, fíìmù á parí, ẹ máa pa iná, ẹ ò wá ní lè sùn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè tọ́ka sí ohun kan pàtó pé òun ló bà yín lẹ́rù. Oríṣi yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo sinimá ayé, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí ẹnì kan bá wò ó fún ogún ìṣẹ́jú, tó ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, tó pa á. Nǹkan wà ńbẹ̀ o! Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni ò dáa.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí èèyàn jókòó kó máa retí iwin. Ẹ jẹ́ ká mú A Tale of Two Sisters tí Kim Jee-woon ṣe ní 2003. Inú ìtàn àtijọ́ kan ló ti yọ ọ́, ìtàn Janghwa àti Hongryeon, àwọn ọmọbìnrin méjì tí ìyàwó bàbá wọn purọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú sínú odò, tí ẹ̀mí wọn wá ń lọ bá aláṣẹ ìlú lóru pé kó bá àwọn dá ẹjọ́, ìpayà sì ń pa àwọn aláṣẹ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfìgbà tí èyí tó láyà dé tó jókòó tó gbọ́ tẹnu wọn. Láti 1924 ni wọ́n ti ń fi ìtàn yìí ṣe fíìmù ní Kòríà. Gbogbo ẹni tó wọ sinimá lọ ní Seoul lọ́dún 2003 ló ti mọ̀ pé ọmọ méjì á wà, ìyàwó bàbá á wà, ikú á wà. Kim Jee-woon wá mú ohun tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, ó gbé e sínú ilé kan tó rẹwà, bébà olódòdó lára ògiri, orin tó dùn tí Lee Byung-woo ṣe sí i, ó wá jẹ́ ká máa ṣiyèméjì lórí gbogbo ohun tí ojú wa rí. Tẹ́ ẹ bá ń wá iwin kiri, ẹ ò ní rí bàbá. Bàbá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa wò. Wọ́n á sọ̀rọ̀ kò ní fèsì, ó kàn máa gbé oògùn kalẹ̀ pẹ̀lú omi, ojú ẹ̀ ti rẹ̀, kò bínú, kò sì sọ ohun tó mọ̀ fún wa.

Ìran kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má sáré yí kọjá: àlejò wá sílé, wọ́n ń jẹun alẹ́, ìyàwó ilé ń sọ ìtàn ìgbà èwe òun àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ọ́ lọ, àbúrò ẹ̀ wá ní òun ò rántí nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ wọn. Nǹkan burúkú máa ṣẹlẹ̀ ní tábìlì yẹn láìpẹ́, àmọ́ èmi ti ń gbọ̀n kó tó ṣẹlẹ̀, torí pé ìdílé tí ẹnì kan ń rántí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rántí, ìdílé yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́, ìyẹn ló bani lẹ́rù.

Ẹ tún gbé fóònù sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Èèyàn ò lè máa tẹ WhatsApp kó tún máa wo Burning tí Lee Chang-dong ṣe ní 2018. Fíìmù yẹn gùn o, ìṣẹ́jú 148, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti kígbe mọ́ yín. Ológbò kan wà tí wọ́n ní ó wà nínú yàrá, a rí ìgbẹ́ ẹ̀, ológbò ò jáde. Fóònù ilé ń dún, wọ́n gbé e, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Abúlé Paju tí ọmọkùnrin tí ìtàn yẹn dá lé lórí ń gbé sún mọ́ bodè Kòríà Àríwá, ẹ máa gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn látọ̀ọ́kán tó ń pariwo. Tẹ́ ẹ bá wo irú èyí nínú ọkọ̀ tí fólúùmù wà nílẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ fi ìlọ́po kan ààbọ̀ sáré wò ó, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó ń mu ọtí lásán lẹ máa rí... rárá, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí obìnrin yẹn dẹni àwátì. Ẹ ki íápíìsì bọ etí, ìdajì ẹ̀rù náà inú ìró ló wà.

Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni ká lọ wo àlàyé ìparí lórí YouTube kí fíìmù gan-an tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó tó parí tán. Mo mọ̀ pé ara ò gba àìmọ̀. Àmọ́ àìmọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe fún yín.

Lórí ìyẹn, àwa Yorùbá ní àṣìṣe tiwa tó jẹ́ pé fíìmù ilé wa ló kọ́ wa. Nínú fíìmù wa, tí wàhálà bá dé, wọ́n á lọ bá babaláwo, babaláwo á wo iṣẹ́, á dárúkọ ọ̀tá, ó tán, a ti mọ ẹni tí a máa kórìíra. Ojú yìí la fi ń wo The Wailing tí Na Hong-jin ṣe ní 2016. Ọlọ́pàá kan ní abúlé Gokseong, àwọn ará abúlé ń ya wèrè, wọ́n ń pa ìdílé wọn, àwọn kan ní olú inú igbó ni wọ́n jẹ, àwọn kan ní ará Jàpáànì kan tó ń dá gbé lórí òkè ni. Nígbà tó kan ọmọ ọlọ́pàá yẹn, wọ́n pe adáhunṣe, àwọn ará Kòríà ń pè é ní mudang, òun náà wò ó, ó dárúkọ. Kíá a ti gbà á gbọ́! Ẹ ṣọ́ra. Wọ́n ṣe ètùtù kan ní àárín fíìmù yẹn, ìlù ń dún, adáhunṣe ń fi òòlù kan ìṣó mọ́ igi, lórí òkè ará Jàpáànì náà ń lu ìlù tiẹ̀, ọmọ ń ké nínú yàrá, wọ́n ń gbé wa láti ibì kan sí ibì kejì, a rò pé a mọ ẹni tí ìṣó yẹn ń gún. Kí ló sọ fún wa? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe to àwòrán tẹ̀ lé ara wọn ni àwa fi dá ẹjọ́, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá yẹn ṣe fi òfófó dá ẹjọ́. Jàpáànì jọba lé Kòríà lórí láti 1910 sí 1945, torí náà àlejò Jàpáànì nínú abúlé Kòríà, ìfura ti wà lójú àwọn èèyàn kó tó lanu.

Ẹ má sì sọ pé Memories of Murder kì í ṣe fíìmù ẹ̀rù torí pé ọlọ́pàá ló wà níbẹ̀. Bong Joon-ho ṣe é ní 2003 lórí àwọn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Hwaseong láti 1986 sí 1991. Ayé ìjọba ológun ni ìtàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú á pa gbogbo iná fún ìdánrawò ogun, òkùnkùn yẹn gan-an ni apànìyàn ń fẹ́, tí wọ́n bá ní kí ọlọ́pàá púpọ̀ sí i wá, wọ́n á ní wọ́n ti lọ tú àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ká. Ìjọba ló pa iná. Ọdún 2019 ni DNA tó fi ẹni tó ṣe é hàn, ọdún 16 lẹ́yìn tí fíìmù jáde.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má fi The Uninvited tí Amẹ́ríkà fi ìtàn kan náà ṣe ní 2009 rọ́pò A Tale of Two Sisters, torí ó máa ba ìtàn jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sleep tí Jason Yu ṣe ní 2023, kò gùn, tọkọtaya ni, ìyàwó lóyún, ọkọ dìde jókòó lóru, ó ní ẹnì kan ti wọlé, oorun ló sì ń sùn. Lẹ́yìn náà A Tale of Two Sisters. Tẹ́ ẹ bá fara da dúdú-òun-funfun, ẹ wá The Housemaid ti Kim Ki-young ṣe ní 1960, àtẹ̀gùn kan àti májèlé eku ló fi ṣe gbogbo ẹ̀, Bong Joon-ho gan-an sọ pé òun kọ́gbọ́n nínú ẹ̀ fún fíìmù òun tó ń jẹ́ Parasite. Kẹ́ ẹ wá fi The Wailing sí ìkẹyìn, ní ọjọ́ tẹ́ ẹ ní wákàtí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín.