Bí a ṣe ń ṣètò àpérò àwọn ẹ̀ńjìníà sinimá l'Ékòó

Ẹni tó bá ti gba gbọ̀ngán fún ìgbéyàwó l'Ékòó rí lè rò pé kò sí ohun tuntun nínú ètò àpérò. Ó wà o. Àlejò ìgbéyàwó lè fara da sípíkà tó ń súfèé, tí jọ̀lọ́ọ̀fù bá sáà ti tètè dé. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ pè yìí ni pé kí wọ́n gbọ́ ariwo tí etí ẹlòmíì ò gbọ́, kí wọ́n rí àbùkù tí ojú ẹlòmíì ò tó. Gbọ̀ngán yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó fetí sí ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó wá gbọ̀ngán rárá, ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí àpérò náà dáhùn sílẹ̀. “Ọjọ́ ọ̀la sinimá” kì í ṣe ìbéèrè. “Kí ló dé tí ohùn fíìmù tó já gaara ní sítúdíò fi ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo tó bá dé ilé sinimá?” Ìbéèrè nìyẹn. Òun ló máa sọ ẹni tí ẹ máa pè: onímáìkì, ẹni tó ń po ohùn pọ̀, àti ẹni tó ń darí pirojẹ́kítọ̀, tí àwọn olùṣètò sábà máa ń gbàgbé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1916 ni àwọn ẹ̀ńjìníà sinimá ti dá ẹgbẹ́ tó wá di SMPTE sílẹ̀, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ìwọ̀n, kí fíìmù ilé iṣẹ́ kan lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ má fi ọjọ́ sí Sátidé. Ti ọlọ́wàḿbẹ̀ ni Sátidé Èkó, owó gbọ̀ngán àti jẹnẹrétọ̀ á sì fò sókè. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ dára. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń lọ sí ìpàtẹ Las Vegas ní oṣù kẹrin àti ti Amsterdam ní oṣù kẹsàn-án. AFRIFF, àjọ̀dún sinimá tiwa l'Ékòó, sábà máa ń bọ́ sí oṣù kọkànlá. Ìparí oṣù kẹwàá ni èmi á mú: àwọn tó lọ Amsterdam ti dé, òjò ti ń dáwọ́ dúró. Oṣù kejìlá? Ẹ má dán an wò.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń gbé Súrùlérè, Ìkẹjà àti ẹ̀yìn wọn. Tí ẹ bá pè wọ́n sí Victoria Island ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, orí Third Mainland Bridge ni ìdajì wọn máa wà nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngán Ìgànmú (National Theatre), tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí, ní ibùdó reluwé tirẹ̀. Gbọ̀ngán MUSON ní Oníkan náà kò jìnnà púpọ̀ sí Marina, níbi tí reluwé tó ń bọ̀ láti Mile 2 ti ń já èrò láti 2023.

Ẹ lọ wo gbọ̀ngán náà ní irú wákàtí tí ẹ máa lò ó, kí ẹ mú oníṣẹ́ ohùn kan dání. Ẹ pa gbogbo iná. Candela (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 48 péré ní mítà onígun mẹ́rin kan ni ìwọ̀n funfun lójú aṣọ sinimá. Oòrùn díẹ̀ tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì ti tó láti ba dúdú inú àwòrán jẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún padà. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, torí ariwo rẹ̀ máa ń bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Iná ló wá kù, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n pa NEPA lójú yín, kí jẹnẹrétọ̀ gbé e. Pirojẹ́kítọ̀ oní-gílóòbù tó bá kú lójijì kò ráyè fẹ́ ara rẹ̀ tutù, gílóòbù rẹ̀ sì lè bàjẹ́, nítorí náà kí UPS tó lágbára wà láàárín. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ohùn àti iná orí pèpéle máa fa iná láti ojú kan náà, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí “hùùù” bá olùbánisọ̀rọ̀ dá sí i. Iná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà tó ń ya férémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè rí i bí gílóòbù ṣe ń ṣẹ́jú, àfi tí wọ́n bá yí ṣọ́tà rẹ̀ (ohun tó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó lórí férémù kọ̀ọ̀kan) sí dígírì 172.8. Irú nǹkan báyìí ni kí olùbánisọ̀rọ̀ fi kámẹ́rà gidi hàn lórí pèpéle, dípò kó máa ka síláìdì fún wa.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣàfihàn fíìmù, ẹ gba DCP rẹ̀ (àkójọ fáìlì tí ẹ̀rọ ilé sinimá fi ń gbé fíìmù jáde) ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ dán an wò nínú ẹ̀rọ tí ẹ máa lò gan-an. Tí wọ́n bá ti tì í, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni KDM rẹ̀, ìyẹn fáìlì kékeré tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, lè ṣí i lórí rẹ̀, láàárín wákàtí tí wọ́n kọ sí i. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìdánwò. Ẹni tó bá pààrọ̀ sáfà, ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù náà jáde, lóru ọjọ́ náà máa nílò kọ́kọ́rọ́ tuntun.

Ogún ìṣẹ́jú fún olùbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá fún ìbéèrè. Kí wọ́n fi èdè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́. Àpọ́nlé ò burú, ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ bá fi pe alága, bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ọjọ́ jókòó kì í padà wá. Ẹ gba owó àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, kí ẹ fún wọn ní yàrá tí èèyàn ti lè fọwọ́ kan ọjà wọn. Ẹ má ta àkókò orí pèpéle fún wọn. Oúnjẹ: kó gbóná, kó tètè dé.

Kí ẹnì kan máa gba ohùn sílẹ̀ láti inú míkísà, kì í ṣe láti orí fóònù. Síláìdì olùbánisọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ gbà á kó tó sọ̀kalẹ̀, torí tó bá ti wọ mọ́tò, ẹ ò ní rí i gbà mọ́.