Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí a bá ń kọ memcpy tiwa

Bí ẹni tó ń kọ èdè C bá fi perf, irinṣẹ́ Linux tó ń fi ibi tí àkókò ń lọ hàn, yẹ ètò rẹ̀ wò, tó rí i pé memcpy, iṣẹ́ C tó ń kó byte láti ibì kan nínú memory lọ sí ibòmíràn, ló wà lókè téńté, ohun tó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun kọ tòun. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe, tí wọ́n á sì fi ibi tí àkókò ń gbà ṣòfò sílẹ̀.

Àṣìṣe tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ni kí a gbà pé ẹrù ńlá ni memcpy máa ń kó. Fọ́tò àti fídíò ló máa ń wà lọ́kàn wa, megabyte lórí megabyte. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ní 2015, ìwádìí kan jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún Google, ó sì hàn pé memcpy àti memmove (èkejì rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kódà tí ibi méjèèjì bá wọnú ara wọn) nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá 4 sí 5 nínú 100 gbogbo àkókò processor. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ kan náà tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2021, nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 ìpè náà ni kò kó ju 128 bytes lọ. Orúkọ èèyàn ni, key kékeré ni, struct kan báyìí ni. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ tún loop tó ń kó 1 MB ṣe, tó wá to if mẹ́fà-méje sí ẹnu ọ̀nà kí a tó dé ìdí loop náà, àwọn ìpè tó pọ̀ jù lọ gan-an ló dá dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo 13 bytes. Àwọn kan á fi loop kó o, byte kan lẹ́yìn òmíràn, ìgbà 13. Àwọn mìíràn á kó 8, wọ́n á kó 4, wọ́n á kó 1, pẹ̀lú if níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Processor òde òní kì í dúró de ìdáhùn if. Ó máa ń fojú díwọ̀n ibi tí yóò já sí, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá ṣì í, á da gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe síwájú nù, ìyẹn sì lè gba cycle (ìlù aago processor) 15 sí 20. Kíkó 13 bytes kò yẹ kó náni tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ka 8 bytes àkọ́kọ́, byte 0 dé 7, sínú register kan (àpótí kékeré inú processor), kí ẹ ka 8 bytes tó gbẹ̀yìn, byte 5 dé 12, sínú register kejì, kí ẹ wá kọ méjèèjì sílẹ̀. Byte 5, 6 àti 7 á di kíkọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ewu níbẹ̀, nítorí ohun kan náà ni a kọ síbẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Kóòdù kan yìí gba gbogbo gígùn láti 8 dé 16, láìsí loop, láìsí pé à ń bi ara wa pé mélòó ló ṣẹ́ kù. Register 16 bytes á ṣe bẹ́ẹ̀ fún 16 dé 32, ti 32 bytes á ṣe é fún 32 dé 64. Àmọ́ ẹ má ṣe kọ èkíní sílẹ̀ kí ẹ tó ka èkejì. Bí ibi tí a ti ń kó o bá wọnú ibi tí a ń kó o lọ, ẹ ti ba ohun tí ẹ fẹ́ kà jẹ́ nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìdánwò. Èèyàn á kọ loop tó ń kó 64 bytes ní mílíọ̀nù ìgbà, láti ojú kan lọ sí ojú kan, á wá kéde pé tòun yá ju ti glibc, àkójọ iṣẹ́ C tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, lọ. Kò tíì lọ jìnnà tí processor ti mọ gbogbo if inú kóòdù náà sórí, dátà ti jókòó sínú cache L1 (memory kékeré tó yára, tó sún mọ́ processor jù), kóòdù náà sì nìkan ló ni cache tí kóòdù ń gbé, kò sí ẹni tó ń bá a du ú. Nínú ètò gidi, 7 á wá, 40 á tẹ̀ lé e, 19 á tẹ̀ lé ìyẹn, kóòdù mìíràn á sì ti kún inú cache. Loop tí a tú kalẹ̀ títí tó fi gba 4 KB á yá nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n nínú ètò, á lé kóòdù àwọn aládùúgbò rẹ̀ jáde kúrò nínú cache tí kò ju 32 KB lọ lórí ọ̀pọ̀ processor Intel. Orúkọ memcpy á wálẹ̀ nínú perf, ètò yín á sì máa falẹ̀ sí i.

Pańpẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í tètè hàn. Ẹ fi malloc gba 1 GB memory, ẹ kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀, ẹ wá ń kó o lọ sí ibòmíràn. Lórí Linux, page (ègé memory) tí a kàn ń kà, tí a kò kọ nǹkan sí rí, page òdo kan náà ni kernel ń fi hàn wá ní ipò gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ti 4 KB tàbí ti 2 MB. Ẹ rò pé RAM ni ẹ ń kà, bẹ́ẹ̀ inú cache ni ẹ ń kà á ní àkàtúnkà. Ní ti ibi tí ẹ ń kó o lọ, page fault (àkókò tí kernel fi ń wá page fún wa) ni aago yín ń kà ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi memset kọ nǹkan sínú méjèèjì, kó má sì jẹ́ òdo, torí pé GCC, compiler náà, lè sọ malloc àti memset òdo di calloc, tó ń gba memory tó ti jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì padà sí ojú kan náà. Gígùn tí ẹ máa fi dán an wò, inú ètò yín gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì pò wọ́n mọ́ra.

Tí ẹrù bá wá tóbi lóòótọ́, movntdq, àṣẹ x86 tó ń kọ dátà sí RAM láìgba inú cache, ni ọ̀pọ̀ máa ń sá bá. Ìdí tó dára wà fún un. Bí store lásán (àṣẹ tó ń kọ dátà sí memory) bá kan cache line 64 bytes tí kò sí nínú cache, processor á kọ́kọ́ ka line náà wá láti RAM kó tó kọ lé e lórí, tó fi jẹ́ pé ìrìn mẹ́ta ni à ń rìn dípò méjì. movntdq fo ìrìn àárín yẹn. Àmọ́ kí ẹnì kan máa lò ó fún 8 KB tí ìlà kóòdù tó kàn fẹ́ kà, ìpalára ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ cache kọjá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ lo dátà náà á lọ dúró dè é ní RAM. Ìdánwò yín kò ní sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń ka ohun tí ẹ kó nínú rẹ̀. Ẹ rántí sfence pẹ̀lú, àṣẹ tó ń mú kí store tó ṣáájú hàn kí èyí tó tẹ̀ lé e tó hàn: store irú èyí kì í tẹ̀ lé ètò tí store yòókù ń tẹ̀ lé lórí x86, thread mìíràn sì lè rí àmì pé iṣẹ́ ti parí kí dátà tó dé.

Tí kíkó bá ń lọ tààrà, ẹ fi prefetch (pípe dátà wá sínú cache ṣáájú) sílẹ̀. Hardware ti ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹ má sì sáré sí AVX-512 láìwọ̀n gbogbo ètò, nítorí àwọn processor Skylake ti Intel fún server tó jáde ní 2017 lè dín ìyára aago wọn kù tí a bá ń lo register 512 bits.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé rep movsb, àṣẹ x86 kan ṣoṣo tó ń kó ọ̀wọ́ byte, ń falẹ̀. Òótọ́ ni nígbà kan. Láti orí processor Ivy Bridge, 2012, ni Intel ti tún un ṣe lábẹ́ orúkọ ERMSB. Nígbà tí Ice Lake dé ní 2019, FSRM wọlé fún ẹrù kékeré. Ẹ bi CPUID (àṣẹ tó ń sọ ohun tí processor lè ṣe) kí ẹ tó gbára lé e: leaf 7, EBX bit 9 fún ERMSB, EDX bit 4 fún FSRM. Níbi tí FSRM kò bá sí, àkókò tó ń jẹ kó tó gbéra ti pọ̀ jù fún 50 bytes. Tí ẹ bá sì fi std yí i padà kó máa rìn sẹ́yìn, gbogbo ìyára yẹn ti lọ.

Ọ̀rọ̀ rírìn sẹ́yìn ló fa wàhálà 2010. glibc yí memcpy padà lórí x86-64 sí èyí tó lè kó byte láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò rú òfin kankan, nítorí C ti sọ ọ́ pé ẹni tí ibi méjèèjì rẹ̀ bá wọnú ara wọn, memmove ni kó lò. Ṣùgbọ́n Flash Player ti Adobe ń lo memcpy níbi tó yẹ kó ti lo memmove, ohùn fídíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í há lórí Fedora 14, ẹ̀yà Linux kan. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, dá sí i, ó gbè sẹ́yìn àwọn olùlò. Nígbà tó yá, glibc 2.14 pín orúkọ náà sí méjì: ètò àtijọ́ ń rí èyí tó ń ṣe bíi memmove, ètò tuntun ń rí tuntun. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí ẹni tó ń kọ tirẹ̀ lónìí á fi ya memcpy sọ́tọ̀ kúrò lára memmove fún ẹrù kékeré. Tí a bá ti ka gbogbo rẹ̀ sínú register kí a tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ yẹ assembly tó jáde wò kí ẹ tó lo iṣẹ́ yín. Bí GCC bá rí loop tó ń kó byte, ó lè sọ ọ́ di ìpè memcpy, àní nínú memcpy tí ẹ ń kọ, á wá máa pe ara rẹ̀ títí stack á fi kún. Àṣàyàn GCC tó ń jẹ́ -ffreestanding nìkan kò dí ọ̀nà yẹn. -fno-tree-loop-distribute-patterns ló ń dí i. Ẹ fi objdump -d wá ìpè náà nínú fáìlì .o yín.