Bí Mo Ṣe Gba Agbára Mustang Mi Padà Nínú Ọgbà Ilé Wa ní Kubwa

Láti kékeré ni mọ́tò Mustang ti wà lọ́kàn mi. Ọdún 1964 ni Ford kọ́kọ́ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n èyí tí apá mi ká ni GT ọdún 2006, tòkunbọ̀, onígíà ọwọ́, ẹ́ńjìnnì V8 oní-lítà 4.6. Agbára ẹṣin 300 ni iléeṣẹ́ kọ fún un. Èyí tó dé ọwọ́ mi kò fi ẹṣin kankan hàn mí. Bí a bá ń gun òkè lọ sí Bwari, á máa fà bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ló sì ń mu epo bí omi.

Mílíọ̀nù kan náírà ni mo ní nílẹ̀ fún un. Ìyàwó mi wò mí lójú, ó ní: "Olówó orí mi, mílíọ̀nù kan yìí náà ni o. Owó iléèwé ń bọ̀." Mo ní mo gbọ́.

Mo mú ìwé kan nínú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣiṣẹ́ iléèwé, mo fi ìlà pín ojú ewé rẹ̀ sí méjì. Apá òsì ni ohun tí mọ́tò náà ti pàdánù láti ọjọ́ tó ti kúrò ní iléeṣẹ́, apá ọ̀tún ni ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Mo pinnu pé kọ́bọ̀ kan ò ní kan apá ọ̀tún títí apá òsì á fi tán. Títí di òní, ìpinnu yẹn ni mo rò pé ó ṣe mí láǹfààní jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni scanner kékeré tí wọ́n ń ki sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń fi Bluetooth gbé ìròyìn sórí fóònù. ₦18,000 ni. Fuel trim tó jáde lórí fóònù jẹ́ +14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà mọ́tò ń fi epo kún epo, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tí sensọ̀ rẹ̀ ń kà lọ. Mo ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti lo ọyẹ́ méjì péré ní Abuja á mọ ohun tí mo rí: eruku ti dì mọ́ ọn bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Waya inú sensọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tín-ín-rín bí irun, òun náà ti wọ aṣọ eruku. Mo fọ́n oògùn tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan sí i, n kò fi ọwọ́ kàn án, mo jẹ́ kó gbẹ, mo sì pààrọ̀ fílítà. Lọ́jọ́ kejì, +14 ti di +4.

Ní ọjọ́ tí mo lọ ra fílítà yẹn ní Apo, ọmọkùnrin kan na páìpù afẹ́fẹ́ dídán kan sí mi, tòun ti fílítà rẹ̀ tó rí bí ṣóńṣó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá gbé èyí sí i, mọ́tò rẹ̀ á fò ni." Mo bi í léèrè ta ni yóò tún kọ̀ǹpútà mọ́tò náà ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sí i. Kò fèsì. Bí páìpù bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ìṣirò kọ̀ǹpútà lórí afẹ́fẹ́ á yẹ̀, epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ò ní tó, ooru á sì pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. Epo octane 87 (octane ni ìwọ̀n bí epo kì í ṣe tètè bú nínú ẹ́ńjìnnì) tí Ford ní ká máa bù fún un jẹ́ ìṣirò Amẹ́ríkà, nǹkan bí 91 ni lórí RON, ìwọ̀n octane mìíràn. Ọ̀pọ̀ tune, ìyẹn ètò tuntun fún kọ̀ǹpútà mọ́tò, tí wọ́n ń tà lókè òkun jẹ́ ti epo 93 wọn, tó sún mọ́ 98 RON. Iléepo wo ni mo ti fẹ́ rí ìyẹn rà ní Kubwa? Mo dá páìpù náà padà fún un.

Ibi tí àyà mi ti ń já jù ni plọ́ọ̀gì. Ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Plọ́ọ̀gì tí wọ́n fi sí i gùn, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tọ̀ tí wọ́n so mọ́ ara rẹ̀. Bọ́dún ti ń gorí ọdún, èédú á dì yí ẹnu náà ká nínú ihò. Ẹni tó bá fi agbára tú u, òkè á bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹnu á kù sínú ẹ́ńjìnnì. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹyọ kan tó bá kán lè jẹ gbogbo owó inú ìwé mi.

Àárọ̀ Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù. Mo fi afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn kúrò nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo yí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan díẹ̀ báyìí, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, mo fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i, mo sì fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni ó kéré jù. Wákàtí mẹ́ta ni mo fún un. Lẹ́yìn náà, mo ń yí i síta díẹ̀, mo ń dá a padà, mo tún ń yí i síta. Ó ń ké bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Tó bá ti le jù, mo dúró, mo tún fọ́n oògùn. Ìkẹfà ṣàdédé dákẹ́, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ó ti kán. Mo fà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo gbé e sójú oòrùn: ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò, odindi. Mo jókòó sórí àpótí sípánà mi fúngbà díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ìkeje. Irú èyí tí wọ́n ṣe ní odidi, tí kò ní ẹnu ọ̀tọ̀, ni mo fi rọ́pò wọn. ₦128,000.

Ọ́ìlì ò gba àsìkò. 5W-20 ni irú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ń gbà tó lítà 5.7. Ọ́ìlì, fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ àti oògùn MAF jẹ́ ₦96,000. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé mọ́tò kẹ́ ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Mo fi ₦35,000 ra ìdúró onírin, mo sì mi mọ́tò náà dáadáa kí n tó wọlé.

Táyà ló gba owó jù, ₦540,000 fún mẹ́rin, tuntun. Ara táyà ẹ̀yìn tó bá mọ́tò wá, níparí nọ́ńbà DOT, ni mo ti rí 3111: ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2011. Ojú rẹ̀ ṣì dán, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán. Pẹ̀lú oòrùn tó ń jó ọ̀nà Kubwa lọ́sàn-án, mo ti ń gbé ikú kiri. Bíréèkì náà gba ₦115,000, páàdì iwájú àti ẹ̀yìn pẹ̀lú omi bíréèkì tuntun. Omi bíréèkì tó ti pẹ́ máa ń ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á tètè hó, ẹsẹ̀ á sì rì dé ilẹ̀ nígbà tí èèyàn nílò rẹ̀ jù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a gbọ̀nà Bwari lẹ́yìn ìsìn. Bí a ti kọjá Dutse tí òkè bẹ̀rẹ̀, gíà kẹrin ni mo wà, mo sì dúró síbẹ̀. Mọ́tò náà kàn ń gùn ún lọ ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ìyàwó mi yíjú sí mi: "Ẹ ò ní yí gíà ni?"

Mo ní kò sídìí fún un mọ́.

Apá òsì ìwé náà ti tán. Apá ọ̀tún ti ní ìlà kan báyìí: gíà inú áàsì ẹ̀yìn, èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn, oní 3.73 dípò 3.55 tó wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ₦68,000 tó ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ owó rẹ̀.