Bí a ṣe ń tọpa àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó jẹ mọ́ kíkùn kòkòrò

Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sí Yorùbá kò ní pẹ́ bá kòkòrò tó ń kùn pàdé, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é nínú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tí a kọ́ nílé ìwé. Èmi náà ti túmọ̀ humble-bee sí "oyin onírẹ̀lẹ̀" rí, títí ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò fi béèrè bóyá oyin yìí a máa dọ̀bálẹ̀ kí ènìyàn ni. Kò sí ìrẹ̀lẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìró kíkùn ni humble yìí gbé dání, àwọn ará Jámánì sì ń pe kòkòrò kan náà ní Hummel. Oyin ńlá onírun, tí ara rẹ̀ dúdú tó sì ní àmì òféèfèé, ni wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kankan, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dún bí ohun tí wọ́n ń dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí yànmùyánmú ṣe ń dún létí tiwa. Bí ẹ bá pe hum, tó túmọ̀ sí kùn, ètè yín yóò padé, ohùn yóò sì gba imú jáde. Bumble náà kò jìnnà sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé atúmọ̀ èdè Bosworth àti Toller wà fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé kò tíì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èyí tí Yunifásítì Michigan ṣe wà fún èyí tó tẹ̀ lé e, ìdìpọ̀ mẹ́fà tí Joseph Wright sì gbé jáde láàárín 1898 sí 1905 wà fún ẹ̀ka-èdè àwọn ará oko. Gbogbo wọn ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe retí pé sípẹ́lì yóò dúró sójú kan: agbọ́n, tí wọ́n ń pè ní wasp lónìí, ni wọ́n kọ ní wæps àti wæsp nígbà náà, àwọn ará oko kan ṣì ń pè é ní wops.

Ibi tí òǹkọ̀wé ti wá ló ń fa wàhálà jù. Francis Grose kọ dumbledore sínú ìwé ọ̀rọ̀ àwọn ẹkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1787. Oyin ńlá onírun yẹn náà ni, ní apá gúúsù. Ní Devon àti Cornwall, ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, drumbledrane ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo dor tó wà ní ìdí dumbledore: láyé àtijọ́, dora ni, oyin ńlá ló sì ń tọ́ka sí, nígbà tó yá, ó di orúkọ yímíyímí tó ń fò tòun ti ariwo ní ìrọ̀lẹ́. Bí gbólóhùn kò bá sọ irú kòkòrò tó jẹ́, ẹ wo ibi tó bà lé. Bí ó bá wà lórí òdòdó ní ọ̀sán gangan, oyin ni. Bí ó bá ń rà bàbà lórí ìgbẹ́ màlúù nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, yímíyímí ni.

Kí ẹ má sì rò pé èdè oko nìkan ni humble-bee. Charles Darwin, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá alààyè, lò ó nínú ìwé rẹ̀ ní 1859, onímọ̀ kòkòrò kan, Sladen, sì fi ṣe àkọlé ìwé ní 1912, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bumblebee, orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí, ti wà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ẹni tó bá kọ bombinate, tó túmọ̀ sí kùn, ní tirẹ̀ ń fi Látìn ṣe fáàrí ni. Bombus ni ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, òun sì ni Latreille, onímọ̀ kòkòrò ará Faransé, fi sọ oyin ńlá wọ̀nyí lórúkọ ní 1802. A tilẹ̀ gbà pé láti ibẹ̀ ni bọ́ǹbù tó ń bú gbàmù náà ti wá.

Drone, tó tún lè túmọ̀ sí ìró kíkùn, ń fẹ́ ìṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ. Akọ oyin ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í lọ wá oúnjẹ wálé. Bí oníwàásù ayé ọjọ́un bá pe ẹnìkan bẹ́ẹ̀, "ọ̀lẹ" ni kí ẹ kọ. Kò bá a wí nítorí ariwo.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Kùn bá oyin mu dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ pé obìnrin kan ń kùn nídìí iṣẹ́ rẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé inú ń bí i, nígbà tó jẹ́ pé hum tí Gẹ̀ẹ́sì kọ kò ju orin lọ. Ẹ kọ pé ó ń kọrin láìla ẹnu. Bí ẹ kò bá sì lè fi ìdí kòkòrò náà múlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìwádìí yìí, ẹ kọ "kòkòrò kan tó ń kùn", kí ẹ sì fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.